Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ̀yìn tì sí Àjàṣẹ́ tàbí Accra, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀

Látìgbà tí mo ti dé láti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá lọ òde ìyàwó ní Surulere wọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánọ́pì, bí mo bá lọ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Yaba wọ́n á ní ká tètè parí ọ̀rọ̀ owó oṣù, a fẹ́ bi Ìyá Bọ́lá léèrè nǹkan, ìbéèrè kan náà ṣá ni: "Èló ni pulọ́ọ̀tì kan níbẹ̀?" Èmi gan-an, ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn lọ́dún tó kọjá, ó sì kù díẹ̀ kó kó mi sí gbèsè. Torí náà ẹ jẹ́ n kọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ lè jẹ́ kí n jẹ ìrẹsì mi ní àlàáfíà lóde tó ń bọ̀.

Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ilé wa wà ní Surulere, òkè là ń gbé, a fi ìsàlẹ̀ rẹ́ǹtì fún èèyàn. Kò sí ohun tó ṣe ilé náà o, ariwo ló ń lé wa: jẹnẹrétọ̀ lọ́tùn-ún, jẹnẹrétọ̀ lósì, àwọn tó ń ṣe vigil lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọlọ́kadà tó ti sọ iwájú géètì wa di gáréèjì. Bàbá Bọ́lá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ká kó lọ. Ó ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó lọ fẹ̀yìn tì sí Panama àti Costa Rica, wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń fi sítíróò fa omi ẹ̀ mu, ló bá ní àwa náà lè lọ. Mo ní Bàbá Bọ́lá, àgbọn wà ní Badagry. Ṣùgbọ́n mo bá a wò ó. Ìlú méjèèjì yẹn ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n dìídì ṣe fáwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ohun tí wọ́n sì ń bèèrè ni kó o fi hàn pé pẹ́ńṣàn ẹ tó dọ́là 1,000 lóṣù, kó sì jẹ́ èyí tí wàá máa gbà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ ní náírà 1,500 sí dọ́là kan, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lóṣooṣù. Tíṣà wo? Owó tí Bọ́lá ń fi ránṣẹ́ láti Kánádà kì í sì í ṣe pẹ́ńṣàn lójú tiwọn. Yàtọ̀ síyẹn, òtútù ni òyìnbó ń sá fún tó fi ń lọ jókòó sínú oòrùn, àwa inú oòrùn la bí wa sí, ohun tá à ń wá ni ìdákẹ́jẹ́ àti iná tí ò ní máa ṣẹ́jú. Ìyẹn la ṣe wá sún mọ́ ilé, a ń wo Benin àti Ghana.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ lẹlòmíì máa ti mọ̀ pé òun ò lọ síbì kankan. Náírà ni wọ́n fi ń san pẹ́ńṣàn wa, inú àkáǹtì tó wà ní Nàìjíríà ló ń bọ́ sí, bẹ́ ẹ bá gbé ní Àjàṣẹ́, séfà lẹ máa ná. Séfà yẹn, wọ́n ti so ó mọ́ owó yúrò, yúrò kan jẹ́ séfà 655.957, kì í yẹ̀ níbẹ̀. Náírà ni ò rí nǹkan so mọ́. Àwọn tó ti ń lọ ra ọjà ní Dantokpa ní Cotonou máa rántí pé ní nǹkan bí ọdún 2014, náírà kan ń gba séfà tó tó mẹ́ta, ní ọdún 2024 séfà kan ṣoṣo ló ń gba náírà tó lé ní méjì. Ọdún 10 péré nìyẹn o, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lẹ́ni 60 ọdún ṣì máa fẹ́ gbé ju ọdún 10 lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ìwé, mo kọ gbogbo ohun tó ń wọlé fún wa lóṣù, pẹ́ńṣàn èmi, pẹ́ńṣàn ẹ̀, rẹ́ǹtì ìsàlẹ̀, mo pín in sí méjì, mo ju ààbọ̀ kan nù bíi pé kò sí, mo wá fi ààbọ̀ tó kù ṣírò oúnjẹ, ilé, oògùn àti owó mọ́tò wálé ní séfà. Tí ààbọ̀ yẹn bá gbé yín, ẹ máa bọ̀. Tí ò bá gbé yín, ẹ má tan ara yín jẹ pé nǹkan á yí padà, ẹ fi owó yẹn ra sólà sí Surulere.

Ẹ má sì ta ilé Èkó o, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ ẹnì kan (mi ò ní dárúkọ) tó ta ilé bàbá ẹ̀ ní Mushin kó lè fi kọ́ ilé sí ìlú onílùú, nígbà tí ara ẹ̀ ò wá yá tó fẹ́ padà wálé, yàrá ọmọ ẹ̀ ló dé sí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ló máa ru igbá ẹ̀ délé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé ECOWAS ò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1979 jẹ́ ká wọlé láì gba físà, ká sì lo 90 ọjọ́. Ti ilẹ̀, òfin ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́.

Ní Ghana, inú ìwé òfin ìjọba wọn ti ọdún 1992 gan-an ló wà, ní abala 266: ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìlú ò lè ní ilẹ̀ ní tirẹ̀ pátápátá, ohun tó lè ní ò ju lease lọ, ìyẹn kó yá ilẹ̀ fún iye ọdún kan, lease yẹn ò sì gbọdọ̀ ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá gbọ́ o. Òfin kan náà yẹn sọ pé àlejò tó bá ti ní ilẹ̀ tirẹ̀ pátápátá níbẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1969, àwọn ti sọ ọ́ di lease ọdún 50 láti ọjọ́ yẹn lọ. Ẹ kà á, 2019 ló pé. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ fún Bàbá Bọ́lá, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó ní ṣé ilẹ̀ náà ti wá lọ nìyẹn? Mo ní ó ti lọ. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀fà tí wọ́n ṣòwò ní Kumasi àti Accra mọ ọdún 1969 yẹn dáadáa, torí ní oṣù kọkànlá ni ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí ò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa náà ṣe tiwa fún wọn ní 1983, ibẹ̀ ni báàgì Ghana-must-go ti gba orúkọ, torí náà kò sẹ́ni tó mọ́ nínú wa. Kì í ṣe pé mo ń dẹ́rù bà yín, Ghana òní kì í ṣe ti ìgbà yẹn, mo kàn ń sọ pé ìwé ìgbélùú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá kẹ́ ẹ tó wá búlọ́ọ̀kù.

Ní Benin, òfin ilẹ̀ wọn jáde ní 2013, wọ́n tún un ṣe ní 2017. Àlejò ò lè ra ilẹ̀ oko rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò ó pé ẹ máa lọ sí Sákétẹ́ tàbí Pọ́bẹ̀ torí pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ ra éékà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ gbin ọ̀pẹ sí i, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ilẹ̀ inú ìlú náà ní àlàyé tiẹ̀, ó kan ọmọ ìlú ibi tẹ́ ẹ jẹ́ àti àdéhùn tó wà láàárín ìjọba méjèèjì, ọ̀dọ̀ notaire lẹ máa ti béèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó wo ilẹ̀ kankan. Notaire ò rí bíi lọ́yà tiwa o, ìjọba ló fún un ní òǹtẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìwé títa ilẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà lowó ń gbà kọjá. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá jẹ́ ọmọ Benin, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, ẹ lọ wádìí ìwé ọmọ ìlú yín ná. Irú yín pọ̀ ní Èkó ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ wo àwọn Ẹ̀gùn Badagry, ẹ wo àwọn Àgùdà Pópó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìdílé tó jẹ́ pé apá kan wà ní Campos, apá kan wà ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn ṣòkú títí dòní.

Ibí ni ejẹ́ńtì ti máa rẹ́rìn-ín sí yín, á ní Màmá, ìyẹn ò le, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ọmọ ìlú rà á, ẹ̀yin lẹ máa gbé ibẹ̀. Ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ. Orúkọ tó wà lórí ìwé ló nilẹ̀, ọmọ ìlú yẹn lè jẹ́ ẹni ire, ṣé ìyàwó ẹ̀ náà jẹ́ ẹni ire? Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́, lọ́jọ́ tó bá kú? Kò sí kóòtù tẹ́ ẹ máa gbé e lọ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé a jọ fi òfin ìlú yín ṣeré ni kẹ́ ẹ bá mi gba ilẹ̀ mi.

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀ torí mo rò pé ohun tó ń dà wá láàmú nìyí. Yorùbá kì í kọ́lé torí ara ẹ̀ nìkan. Bá a bá sọ pé a fẹ́ kọ́lé, ilé ogún là ń wí, ilé tí wọ́n máa dárúkọ wa mọ́, tí àwọn ọmọ máa jà lé lórí. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká kórìíra lease, bí wọ́n bá ní ọdún 50, ojú wa á korò bíi pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ ka ọdún yín. Ẹni ọdún 62 ni mí, kí Ọlọ́run fún mi ní 30 ọdún sí i, mo ti di ẹni 92, lease ọdún 50 ṣì ku 20 ọdún. Bọ́lá ò ní wá gbé Àjàṣẹ́, ó ti sọ fún mi lójú ara mi, ó ní Mọ́mì Faransé wo ni mo gbọ́. Tí kì í bá ṣe ilé ogún, kí ni mo ń du ìwé àyérayé fún? Látìgbà tí mo ti gba èyí fún ara mi lọ̀rọ̀ ti rọrùn. Ilé ogún wà ní Surulere. Èyí tá à ń wá ní òkèèrè, ilé tá a máa sùn sí ni.

Nítorí náà, rẹ́ǹtì lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́fà, kó sì wọ inú òjò. Àwa lo oṣù 7 ní Àjàṣẹ́. Ó dùn mọ́ wa pé oṣooṣù ni wọ́n ń san rẹ́ǹtì níbẹ̀, wọ́n á gba ti oṣù mélòó kan sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa san án bí oṣù bá ṣe ń parí, kì í ṣe bíi ti Èkó tí lándílọ́ọ̀dù á gba ti ọdún méjì, ejẹ́ńtì á gba tiẹ̀, lọ́yà á gba agreement, wọ́n á tún ní caution. Ẹ rí i pé wọ́n kọ̀wé fún yín, kẹ́ ẹ sì gba risíìtì lóṣooṣù, torí risíìtì yẹn wúlò bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìwé ìgbélùú. Ilé iṣẹ́ SBEE ló ń ta iná, SONEB ló ń ta omi, ẹ béèrè bóyá mítà tiyín dá wà tàbí ẹ jọ ń lò ó pẹ̀lú àwọn ará ilé, ìjà mítà ò mọ Faransé yàtọ̀ sí Yorùbá. Iná wọn náà ń lọ o, ẹni tó bá sọ fún yín pé kì í lọ, irọ́ ló pa, àmọ́ kò lọ tó tiwa. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo mọ̀ pé Nàìjíríà ló ń ta iná fún wọn nínú èyí tí wọ́n ń lò.

Inú oṣù mẹ́fà yẹn lẹ máa mọ ohun tí fídíò ò ní fi hàn yín. Cotonou wà láàárín òkun àti ọ̀sà Nokoué, ilẹ̀ ibẹ̀ ò ga, òjò oṣù kẹfà àti ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá máa ń gun àwọn àdúgbò kan lórí. Ẹni tó bá mọ Lekki lásìkò òjò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń da yanrìn sórí àbàtà tí wọ́n sì ń pè é ní estate, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá fi hàn yín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sọ pé ẹ̀ ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì padà lọ lóṣù kẹfà pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé ìtòsí, ibi tí omi ti dé lọ́dún tó kọjá máa ń ní àmì, ògiri ò mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́.

Èmi, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kejì tá a débẹ̀ ni wọ́n ti mú mi lọ wo ilẹ̀ kan ní apá Sèmè, kò jìnnà sí bọ́dà, atẹ́gùn òkun ń fẹ́, mo ti ń rí ilé mi níbẹ̀, mo ti mọ ibi tí kíṣìnì máa wà. Ọkùnrin tó fẹ́ tà á fi ìwé hàn mí, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀, fọ́tò wà lára ẹ̀, ó ní convention ni wọ́n ń pè é, pé ìwé ilẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń wá séfà tí màá fi san àsansílẹ̀. Ọmọ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì nítòsí ilé wa, Yorùbá Kétu ni, ló bi mí pé Ìyá, ṣé titre foncier ni àbí convention? Mo ní kí ló dé? Ó ní Ìyá, ẹni márùn-ún lè ní convention lórí ilẹ̀ kan. Mo gbé ìwé yẹn lọ bá notaire, ọjọ́ kejì ló pè mí pé ilẹ̀ yẹn ti lọ́wọ́ ẹlòmíì lórí, wọ́n ti tà á kí wọ́n tó tún fẹ́ tà á fún mi. Ọlọ́búrẹ́dì ló gbà mí o. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé titre foncier nìkan ni òfin wọn mọ̀ bí ìwé tó fi hàn pé ẹnì kan ló nilẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ANDF ló ń tọ́jú ẹ̀. Convention àti àwọn ìwé ìdílé tó kù kàn ń sọ pé ẹnì kan wà lórí ilẹ̀ ni, ó dà bíi risíìtì ọmọ onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Torí náà, yálà ẹ fẹ́ rà tàbí ẹ fẹ́ ya ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ẹ gba nọ́ńbà titre foncier yẹn, ẹ gbé e fún notaire tí ẹ̀yin fúnra yín wá (kì í ṣe èyí tí ejẹ́ńtì mú wá), kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ANDF bóyá gbèsè báńkì tàbí ẹjọ́ kóòtù wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú géomètre, ìyẹn sọ̀fíò wọn, kó lọ wọ̀n ọ́n bóyá ibi tí wọ́n fi hàn yín ni ìwé ń wí. Owó kankan ò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní tààràtà. Bó bá ní òun ń kánjú, òun ní òkú ṣe, òun ní ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì, ẹ bá a kẹ́dùn, kẹ́ ẹ sì ní kó pàdé yín lọ́dọ̀ notaire.

Ti Ghana ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ àyàfi pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ìyẹn sì jẹ́ ìtura. Lands Commission, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀, ni kẹ́ ẹ ti ṣe search, ìyẹn ìwádìí lórí ilẹ̀ náà, ẹ mú site plan dání. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, olórí ìdílé nìkan ò tó, àwọn àgbà pàtàkì inú ìdílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní stool land, Lands Commission náà gbọ́dọ̀ gbà sí i. Ọmọ onílẹ̀ tiwọn náà wà, land guard ni wọ́n ń pè wọ́n, òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2020 ti sọ iṣẹ́ wọn di ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin ará Èkó, ẹ mọ̀ pé òfin lè wà kí ọmọ onílẹ̀ náà sì wà. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ní Accra ni pé dọ́là ni wọ́n ń fi dá iye lé ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn àdúgbò bí East Legon àti Cantonments, ẹni tó ń gba náírà á máa gbọ̀n. Ẹni tó bá ní ọmọ ní òkè òkun tó fẹ́ san án, Accra dáa fún un, kí wọ́n kàn kọ ọdún lease tó kù sórí ìwé ní kedere, torí ẹlòmíì á ta lease ọdún 50 fún yín nígbà tó ti lo 31 nínú ẹ̀.

Ti ìwé ìrìnnà ò le. Páàsípọ́ọ̀tì ECOWAS, káàdì yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́, ẹ má ra káàdì lásán), bẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò lọ, ẹ gba brown card, ìyẹn ìdójútòfò mọ́tò ti ECOWAS. Kí 90 ọjọ́ tó pé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìgbélùú. Àwọn kan máa ń jáde ní Sèmè kí wọ́n sì tún wọlé kí ọjọ́ lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, mi ò bá yín sí níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi ibì kan ṣe ilé kì í máa fi bọ́dà ṣeré. Bẹ́ ẹ bá gbé owó tó ju dọ́là 10,000 dání, ẹ sọ ọ́ fún kọ́sítọ̀mù, àmọ́ kí lẹ gbé e dání fún nígbà tí báńkì wà? Ẹ sì rántí pé bọ́dà lè tì. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà tì í, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí Sèmè padà. Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ nígbà yẹn tí ìyá ẹ̀ wà ní Agége, ẹ wo bó ṣe máa rí. A fi owó oúnjẹ àti oògùn oṣù mẹ́ta sí séfà, a ò fọwọ́ kàn án.

Oògùn gan-an, ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀. Bàbá Bọ́lá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. HMO tá a ní ní Èkó ò kọjá Sèmè, àpò wa la fi ń rí dókítà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó jẹ́ ti ìjọba, CNHU, Cotonou ló wà, ó tó nǹkan bíi 30 kìlómítà sí Àjàṣẹ́, torí náà ẹ gbé sí ibi tí takisí ti rọrùn láti rí lóru, ẹ má lọ wá ìdákẹ́jẹ́ dé ibi tí ẹyẹ nìkan ń gbé. Ẹ jẹ́ kí dókítà Èkó kọ orúkọ oògùn náà gan-an fún yín, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Amlodipine ni wọ́n ń pè é ní Èkó, amlodipine náà ni wọ́n ń pè é ní pharmacie tiwọn, ọmọ ibẹ̀ ò bi mí léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n láti ṣàlàyé fún dókítà pé ó ń gún un ní àyà, kì í ṣe inú, ìyẹn ni mo ti rí i pé Faransé oṣù méjì ò tó. Ẹ kọ́ Faransé ti ara ríro ná, ẹ fi ti kíkí sẹ́yìn. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ nílò dialysis tàbí tó ń rí dókítà ọkàn lóṣooṣù, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn kó kúrò nítòsí ẹni tó mọ fáìlì ẹ̀.

Yàtọ̀ síyẹn, Àjàṣẹ́ gbà wá bí ará ilé. Lọ́jà, ẹ lè fi Yorùbá ra ohun gbogbo, tiwọn kàn ń dún bí ẹni tó ń kọrin ni, wọ́n á sì máa fi Faransé àti Ẹ̀gùn lú u. Mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, bẹ́ ẹ bá wò ó láti iwájú ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, Bàbá Bọ́lá tó jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó dúró síwájú ẹ̀, ó ní ilé yìí jọ ilé ẹ̀gbọ́n màmá òun ní Campos. Àwọn zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà wọn, ń gbé èèyàn káàkiri pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, wọ́n máa ń ra epo Nàìjíríà tó wà nínú ìgò lẹ́bàá títì, kpayo ni wọ́n ń pè é, látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo wa ní 2023, àwọn náà ń ṣépè fún wa.

Ohun tó kù ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ nílé, ta ló máa gbé òkú wálé? Ẹ má sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ sọ ọ́. Àwa ti sọ ọ́, Bàbá Bọ́lá fẹ́ ká sin òun sí ibi tí bàbá ẹ̀ wà, èmi ní kí wọ́n sin mí sí ibi tí ẹ̀mí bá ti bọ́, kí wọ́n má gbà mí kọjá Sèmè nínú òjò. A kọ ọ́ sílẹ̀, àbúrò mi ní Èbúté Mẹ́ta ní ẹ̀dà kan, notaire ní ẹ̀dà kan, owó tí wọ́n máa fi ṣe é wà lọ́tọ̀. Ìwé ìhágún náà, méjì ni a ṣe, ti ohun tó wà ní Èkó lọ́dọ̀ lọ́yà wa níbí, ti ohun tá a bá ní lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ notaire, kí wọ́n má báa máa gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ bá adájọ́ Faransé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba pẹ́ńṣàn lọ́wọ́ PTAD, ẹ má gbàgbé ti ìwádìí bóyá ẹ ṣì wà láàyè, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè ṣe é, kí wọ́n má lọ rò pé ẹ ti kú nítorí pé ẹ wà ní Àjàṣẹ́.

Àwa, a ò tíì ra nǹkan kan. A ti bá lándílọ́ọ̀dù wa sọ̀rọ̀, a fẹ́ gba fúláàtì yẹn fún ọdún mẹ́ta, notaire sì ń wo ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ fi yá wa ní ẹ̀yìn ọjà, tó bá dára ẹ ó gbọ́, tí ò bá dára a ṣì ní ibi tá a ń sùn sí. Lóṣù tó ń bọ̀ là ń padà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wa lọ wò ó, ẹ wá sí Mile 2 kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ má gbé báàgì ńlá, kẹ́ ẹ sì mú bàtà rọ́bà.